Iṣẹ́ tí Kálísíọ̀mù ń Ṣe fún Irun Gbòǹgbò

Ní ọdún kan, èmi àti bàbá mi ń ṣí tòmátì kúrò ní ibi tí a kọ́kọ́ fún irúgbìn rẹ̀ sí lọ sí orí ebè, ní oko wa ní Ìyìn-Èkìtì. Mo fa tèmi tu, mo sì gbọn gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ìdí wọn dànù. Mo rò pé ìmọ́tótó ni mo ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ti rọ, ṣùgbọ́n èyí tí bàbá mi hú tòun ti iyẹ̀pẹ̀ dúró ṣinṣin. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹnu tí wọ́n fi ń mu omi ni o já dànù yẹn."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹnu náà ni à ń pè ní irun gbòǹgbò. Bí a bá rọra hú àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, a ó rí ohun funfun kan bí òwú lára gbòǹgbò rẹ̀, lẹ́yìn ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀. Irun kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, tí ó na ara rẹ̀ wọ àárín iyẹ̀pẹ̀. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ jọjọ. Ní ọdún 1937, Dittmer ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣírò ti ọkà rye kan ṣoṣo tí ó ti dàgbà fún oṣù mẹ́rin: irun gbòǹgbò rẹ̀ tó bílíọ̀nù 14, gígùn gbogbo wọn lápapọ̀ sì ju 10,000 kìlómítà lọ. Ìdí ọkà kan péré ni o!

Kí ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì yìí kàn wú bí bàlúù? Kálísíọ̀mù ni, èròjà kan náà tí ń mú egungun wa le. Ṣóńṣó irun nìkan ni ó ń gùn, ibẹ̀ náà sì ni kálísíọ̀mù inú omi ilẹ̀ ń gbà wọlé jù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ọgbọ́n mú kí ó pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, irun náà yà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kan, tí Liam Dolan ti Norwich wà lára wọn, fi hàn pé irúgbìn tí kò lè ṣe èròjà ọ́síjìn tí ń ṣí ẹnu-ọ̀nà kálísíọ̀mù yìí kì í ní ju irun kúkúrú lọ.

Ẹ rántí bí àwọn baba wa ti ń mọ ilé alámọ̀. Wọn kì í mọ ògiri dé òkè lọ́jọ́ kan. Wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni irun gbòǹgbò ń ṣe, àfi pé láàárín ìṣẹ́jú kan ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣóńṣó rẹ̀ á rọ̀, á nà díẹ̀. Kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, ògiri sẹ́ẹ̀lì á sì le kí ó má baà bẹ́. Lẹ́yìn náà á tún nà.

Kálísíọ̀mù tí ó bá ti gun orí ewé kì í padà sọ̀ kalẹ̀ wá sí gbòǹgbò. Inú ilẹ̀ tí irun fara kàn ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òjò ti ń fọ̀ fún ọdún pípẹ́, tí a ń kórè lórí rẹ̀ láìdá nǹkan kan padà, a máa kan. Álúmíníọ̀mù inú rẹ̀ á wá yòrò sínú omi, á sì dí ọ̀nà mọ́ kálísíọ̀mù. Eérú igi tí àwọn àgbà ń dà sí oko ní kálísíọ̀mù púpọ̀, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Kìkì pé kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ yúríà, nítorí agbára ajílẹ̀ náà yóò bá afẹ́fẹ́ lọ.

Eérú kò lè jí àwọn tòmátì mi dìde. Irun tí ó bá ti já kì í hù padà; gbòǹgbò ní láti gùn síwájú kí ó tó hu tuntun. Fún àwọn tí a fi rọ́pò wọn, a bomi rin ilẹ̀ wọn ní alẹ́, nígbà tí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ iyẹ̀pẹ̀ kí n tó gbé wọn.