Láti Ilé-Ẹ̀kọ́ dé Ẹnu Iṣẹ́

Ní ọdún 1947 ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Yábàá, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ lónìí sí Yabatech. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ nípa iná mànàmáná, ẹ̀rọ àti ilé kíkọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Múṣin kò jìnnà sí ibẹ̀, níbi tí ọjà Ládípọ̀ ti gbajúmọ̀ fún títa ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọ̀nà mìíràn ni ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ń gbà kọ́ṣẹ́ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò gbálẹ̀, tí yóò sì to irinṣẹ́ kí ọ̀gá tó dé. Bí oníbàárà bá fi ìbínú wọlé, ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ tù ú nínú. Bí wọ́n bá ń dúnàádúrà, etí rẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ó tó gba òmìnira, ó ti mọ iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó, ó sì ti mọ ẹni tí a kì í ṣiṣẹ́ àwìn fún. Síbẹ̀, ó lè tún ẹ̀rọ ṣe láìmọ ìdí tí ó fi bàjẹ́.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀. Ó lè ya ọ̀nà tí iná ń gbà nínú wáyà láìṣì, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ gidi. Nítorí irú èyí ni àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973. Akẹ́kọ̀ọ́ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò lo oṣù 4 ní ibi iṣẹ́. Yóò máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sínú ìwé, ọ̀gá ibẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí i.

Ètò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n àyè kì í tó ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ibòmíràn, oúnjẹ ni wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ rà. Àwọn kan kò tilẹ̀ lọ rárá. Wọ́n kàn ń bẹ̀bẹ̀ kí a fọwọ́ sí ìwé wọn ni. Máàkì nìkan ni irú wọn rí gbà.

Ẹni tí ó gbọ́n kì í kọ ibi kékeré. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà fún un, a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Múṣin. Yóò máa ka ìwé ẹ̀rọ tuntun fún ọ̀gá, ọ̀gá náà yóò sì máa kọ́ ọ bí a ti ń fetí mọ àìsàn ẹ̀rọ. Bí oṣù 4 bá pé, irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ a máa béèrè ìgbà tí yóò padà wá.