Bí àdán bá tán nígbó, kí ni àwọn onígẹdú máa tà?

Káfíńtà tó bá gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn lónìí, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi oníbàárà rẹ̀ ni pé ṣé ìrókò ló fẹ́, àbí kí wọ́n wá igi mìíràn fi ṣe é. Bí oníbàárà bá ní ìrókò lòun fẹ́, tó wá gbọ́ iye tí wọ́n ń pe pákó ìrókò, kì í pẹ́ tó fi máa ní kí wọ́n fi èyí tó bá wà nílẹ̀ ṣe é. Bó ṣe di pé wọ́n ń fi afárà tàbí arère ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fi ìrókò ṣe nìyẹn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a ò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Òwe lásán kọ́ lọ̀rọ̀ àdán nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Gbogbo ẹni tó ń ta gẹdú ló mọ̀ pé gígé tí wọ́n ń gé ìrókò láìgbin òmíràn rọ́pò wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ìrókò ní olùgbìn tirẹ̀, tí kì í gba owó iṣẹ́, tí kì í béèrè oúnjẹ ọ̀sán. Àdán ni. Bí wọ́n sì ṣe ń gé igi náà ni wọ́n ń pa ẹni tó ń gbìn ín.

Bí àdán ṣe ń gbin ìrókò

Oríṣiríṣi àdán ló wà. Àwọn kan kéré, kòkòrò ni wọ́n ń jẹ. Èyí tí ọ̀rọ̀ ìrókò kàn ni àdán ńlá tó ń jẹ èso, tí ọrùn rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eidolon helvum. Bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó lè fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Òun náà ni wọ́n máa ń rí tó so rọ̀ lọ́pọ̀ yanturu lórí igi láàrin ìlú, títí kan inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń kíyè sí i láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìrókò ní akọ, ó sì ní abo. Abo nìkan ló ń so èso. Èso náà gùn bí ìka ọwọ́, àwọ̀ ewé ló máa ń ní kódà nígbà tó bá pọ́n, kóró rẹ̀ sì kéré tíntín. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àdán á gbéra níbi tó so rọ̀ sí, á já èso yìí, á gbé e lọ sórí igi mìíràn. Ibẹ̀ ni yóò ti jẹ ẹ́, tí yóò fún omi rẹ̀ mu, tí yóò tu háhá rẹ̀ nù. Àwọn kóró wẹ́wẹ́ tó bá gbé mì, bó ṣe ń fò lọ ni yóò máa yà wọ́n sílẹ̀ káàkiri. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ghana, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2000, fi hàn pé àdán yìí ni igbákejì ìrókò nínú iṣẹ́ títú kóró rẹ̀ ká.

Ibi tí àdán ń gbé kóró dé kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí, tí àwọn kan nínú wọn wá láti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Max Planck ní Jámánì, gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí àwọn àdán ìlú Accra jáde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọ̀wọ́ àdán tó tó 150,000 lè tú kóró wẹ́wẹ́ tó ju 300,000 ká láàrin òru kan ṣoṣo. Wọ́n ní àdán lè gbé kóró jìnnà tó kìlómítà 75, àti pé ọ̀wọ́ kan yìí lè mú kí igbó bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 800. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti sanwó fún lébìrà rí láti gbin igi sórí hẹ́kítà kan péré ṣírò iye tí iṣẹ́ yẹn máa jẹ́.

Ìdí tí ọwọ́ ènìyàn kò fi tó iṣẹ́ náà ṣe

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ìjọba kò kúkú gbin ìrókò lọ súà bí wọ́n ṣe gbin tíìkì àti gmelina. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Phytolyma. Bí ìrókò kékeré bá pọ̀ lójú kan, kòkòrò yìí á ya bò wọ́n, á yé ẹyin sára ọ̀mùnú wọn, ewé àti ẹ̀ka á wú kókó, wọn á sì jẹrà láti òkè wá. Igi tó yẹ kó máa ga sókè á wá dúró sójú kan, púpọ̀ nínú wọn á kú. Àwọn onímọ̀ nípa igbó ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí iṣẹ́ àdán ti yàtọ̀ nìyí. Àdán kì í gbin ìrókò lórí ìlà. Á ju ọ̀kan síbí, á ju òmíràn sọ́nà jíjìn, láàrin igi oríṣiríṣi, níbi tí kòkòrò kò ti ní í tètè rí wọn. Igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé ní 1977, jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Apá tó pọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti fi gbin gmelina, igi tí wọ́n ń lò fún bébà. Gmelina wúlò, owó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tó máa fi owó ìrókò rà á. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìrókò tún máa hù láàrin irú igbó bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n dá ìyá ìrókò sí, kí wọ́n sì dá àdán tó ń gbé kóró rẹ̀ sí.

Ọjà àdán náà ń tà

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá àwọn ọdẹ lẹ́bi bíi pé eré ni wọ́n ń ṣe. Oúnjẹ ni àdán jẹ́ fún àwọn kan, ọjà ló jẹ́ fún àwọn mìíràn. Ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé ní gúúsù Ghana nìkan, ó kéré tán, 128,000 àdán ni wọ́n ń tà lọ́dún, ọ̀wọ́ àwọn tó ń tà á sì gùn láti ọwọ́ ọdẹ dé ọwọ́ ẹni tó ń yan án.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé àdán kì í ṣe eku. Ọmọ kan ṣoṣo ló máa ń bí lọ́dún. Bí ọdẹ bá yìnbọn sáàrin ọ̀wọ́ wọn, tó pa igba lálẹ́ ọjọ́ kan, ó máa pẹ́ gan-an kí wọ́n tó padà dé iye tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àjọ IUCN tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹranko lágbàáyé ti kọ àdán yìí mọ́ àwọn tó ń súnmọ́ bèbè ewu. Owó tí ọdẹ rí lórí àdán kan, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ná an. Ìrókò tí àdán yẹn ì bá gbìn, káfíńtà, onígẹdú, onísọ́míìlì àti awakọ̀ tó ń kó pákó ni ì bá jẹ nínú rẹ̀.

Níbòmíràn, àdán láàyè gan-an ni ọjà. Ní orílẹ̀-èdè Zambia, irú àdán kan náà yìí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá máa ń kóra jọ sí ọgbà Kasanka láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá. Àwọn àlejò máa ń sanwó wá wò wọ́n.

Kì í sì í ṣe onígẹdú nìkan ló ń jèrè àdán. Àwọn kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò ń ṣiṣẹ́ fún olóko kòkó náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi àwọ̀n bo igi kòkó ní Indonesia kí ẹyẹ àti àdán má lè dé ibẹ̀, ìkórè fi ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e jáde ní 2013. Wọ́n ṣírò ohun tí ẹyẹ àti àdán ń ṣe fún olóko sí dọ́là 730 lórí hẹ́kítà kan lọ́dún.

Àwọn tó ń bínú sí àdán

Olóko máńgòrò àti ìbẹ́pẹ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àdán máa ń jẹ èso tó pọ́n, kì í sì í béèrè ẹni tó ni ín. Ẹni tí wọ́n so rọ̀ sí ìtòsí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ̀ bí ariwo àti òórùn wọn ṣe rí. Ṣùgbọ́n èyí tí àdán fẹ́ràn ni èso tó ti pọ́n lórí igi. Olóko tó bá tètè ká èso rẹ̀ nígbà tó gbó tí kò tíì rọ̀, tàbí tó fi àwọ̀n bo igi tó sún mọ́lé, kò ní í pàdánù púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ àìsàn náà wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n fi pamọ́. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn kan lára àdán ní Èkó, tó bá àrùn dìgbòlugi tan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lásán di àdán mú, kí wọ́n má jẹ èso tí àdán ti já jẹ, ẹni tí àdán bá sì gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kó sì gba ọsibítù lọ kíákíá. Ẹni tó bá fi àdán sílẹ̀ lórí igi rẹ̀, ewu tirẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹni tó ń pa á, tó ń hú u, tó ń gé e.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Onígẹdú tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí dé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gé gbogbo ìrókò tó bá rí. Kó kíyè sí èyí tó ń so èso, kó dá díẹ̀ sí nínú wọn, kó sì fi akọ kan sílẹ̀ nítòsí, nítorí abo kì í dá so. Igi ńlá sì ń béèrè ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ẹni tó ń gé e lóru láìgbàwé, ọjà ọ̀la ló ń gé lulẹ̀.

Olóko kòkó tó bá ń ṣánko, tó rí ìrókò kékeré tó dá hù, kó má fi àdá kọjá lórí rẹ̀. Kó dá a sí láàrin igi mìíràn, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Ẹgbẹ́ àwọn onísọ́míìlì àti ti káfíńtà lè bá àwọn ọdẹ àdúgbò wọn sọ̀rọ̀ nípa ibi tí àdán ń sùn sí, kí wọ́n sì béèrè ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ igi gbígbìn ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, tó wà ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn.

Ìrókò lè lò tó ọdún 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di igi tí wọ́n ń là. Pákó tí wọ́n ń tà lónìí, àdán ìgbà àwọn baba ló gbìn ín. Èyí tí àwọn ọmọ máa tà, àdán tó bá ṣẹ́kù lónìí ló máa gbìn ín.