Ẹ Tọ́ka sí Ibi Tó Ti Fò Ó

Ní Ọjà-Ọba, ní Ìlọrin, ààfin Ẹ́míà, ìsọ̀ àwọn oníṣòwò àti Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní 1981 kò jìnnà síra wọn. Bí Ramadan bá dé, tí èrò ọjà bá ti ṣínu tán, ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ kí ìrun àṣámù. Lèmọ́mù a máa ké Àlùkùránì gígùn lórí ìrun yìí, orí ló sì sábà fi ń ké e. Bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, ó lè fo ẹsẹ kan, ó sì lè ṣèèṣì bọ́ sínú súrà mìíràn tí gbólóhùn rẹ̀ jọ èyí tó ń ké.

Nígbà náà ni ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀, tí òun náà há Àlùkùránì sórí, yóò ké ọ̀rọ̀ tó fò gan-an. Ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta, ó tán. Lèmọ́mù á gbà á, á tún un ké, ìrun á máa lọ. Bó bá sì dá a lójú pé òun kò ṣì í, á máa bá tirẹ̀ lọ. Bí àṣìṣe náà bá jẹ́ ti ìdìde tàbí ìjókòó, "Súbúhánáláhì" ni àwọn ọkùnrin á wí, àwọn obìnrin á pàtẹ́wọ́. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ta Lèmọ́mù lólobó pé nǹkan ti yẹ̀, kò sọ ohun tó yẹ̀. Ẹni tó ti ń kírun tipẹ́ ti rí Lèmọ́mù tó gbọ́ ọ, tó dìde, tó tún gbọ́ ọ, tó tún padà jókòó.

Nínú àyẹ̀wò tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń bá ara wọn ṣe lórí kọ́ọ̀sì, Súbúhánáláhì ló pọ̀ jù. Ẹ gbé ìwé kọ́ọ̀sì yín fún ẹlẹgbẹ́ yín pé kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà: "Iṣẹ́ ribiribi ni, ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣe díẹ̀ sí i." Kí ni kí ẹ tún ṣe? Níbo? Kò wí.

Ibi tí èyí ti ń dunni jù ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ti rí olùkọ́ lójú. National Open University of Nigeria, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, tí ìjọba ológun tì pa ní 1984, tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì jí dìde lẹ́yìn náà, ní ibùdó ẹ̀kọ́ ní Ìlọrin. Ẹni tó ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jà-Ọba lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ láì pa ìsọ̀ rẹ̀ tì. Ìwé kọ́ọ̀sì ni olùkọ́ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìwé náà, ẹ ó rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ ó sì rí orúkọ ẹni tó bá a ṣàtúnṣe. Bí ẹni kejì yìí bá fojú fo ibi tó dojú rú, ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé láàárọ̀ kùtù kó tó ṣí ìsọ̀ yóò bi?

Àwọn ará Maryland ní Amẹ́ríkà bá irú ìṣòro yìí pàdé nígbà tí kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń pọ̀ sí i. Ní 2003, àjọ MarylandOnline gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, wọ́n fi gbé ètò tí wọ́n pè ní Quality Matters kalẹ̀. Olùkọ́ mẹ́ta ló ń yẹ kọ́ọ̀sì kan wò, wọn kì í sì í ti ilé ẹ̀kọ́ kan náà wá tán. Kọ́ọ̀sì tó bá máa yege gbọ́dọ̀ gba ìdá 85 nínú 100 máàkì náà, ó kéré tán. Máàkì yẹn kọ́ ló wù mí nínú ètò náà. Ohun tó wù mí ni pé olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ jókòó sí ipò akẹ́kọ̀ọ́, kó gbé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ ná. Bó bá sì wí pé nǹkan kù, ó gbọ́dọ̀ sọ ojú ibi tó ti rí i àti ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Kọ́ọ̀sì ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kò yẹ ẹni tó ni ín wò.

Ohun tí wọ́n máa ń wá kiri jù ni bóyá ohun tí kọ́ọ̀sì ṣèlérí, ohun tó fi kọ́ni àti ohun tó fi dánni wò jọ ń rìn. Ká ní kọ́ọ̀sì ìṣirò owó ni. Àbá tó wúlò yóò rí báyìí: "Ìpín 3 sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣírò èrè. Nínú ìbéèrè márùn-ún tó tẹ̀ lé e, mẹ́rin ló ní kó sọ ìtumọ̀ èrè. Ẹ yọ ìbéèrè 2 àti 4, kí ẹ fi ìwé ìṣirò oníwàrà kan rọ́pò wọn: iye tó ra mílíìkì, owó igi ìdáná, owó ọkọ̀, iye tó pa lórí ọjà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá iye tó jẹ lérè." Ẹni tó gba irú èyí lè jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà kó tún un ṣe. Ó sì sàn ju ogójì àkíyèsí lọ. Àwọn olùyẹ̀wò kan wà, kí Ọlọ́run bá wa bá wọn sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé kọ́mà nìkan ni wọ́n ń rí.

Ọ̀rọ̀ àgbà ló wá kù. Ta ni yóò sọ fún Prófẹ́sọ̀ tó kọ́ òun pé ìdánwò rẹ̀ kò bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu? Ọ̀dọ́ olùkọ́ á kọ "Ẹ kú iṣẹ́, sà," á fi mọ síbẹ̀. Mi ò bá a wí púpọ̀, torí ọ̀dọ̀ àgbà yẹn náà ni ìgbéga rẹ̀ yóò gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ipò akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà ló máa gbà á sílẹ̀: "Sà, nígbà tí mo kà á bí akẹ́kọ̀ọ́, ojú ewé 14 ni mo ti sọnù. Ṣé a lè fi àpẹẹrẹ kan síbẹ̀?" Kò sí àrífín kankan nínú ìyẹn.

Láti 2023 tí àwọn yunifásítì wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà ẹ̀kọ́ CCMAS ti NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ìdá 70 nínú 100 ẹ̀kọ́ ló ń ti Abùjá wá, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ 30 tó kù. Ẹ̀yin olùkọ́ ní UNILORIN, ní yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Málété àti ní Al-Hikmah, 30 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé fún ara yín yẹ̀ wò, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó rí i.