Ìjàpá Tí Ó Wà Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Bí ẹ bá rìn káàkiri Ifẹ̀-Olúkòtún, tàbí ìlú mìíràn nílẹ̀ Okun wa yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọkọ̀ kékeré kan lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tí adìẹ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Bàbá tó ni ín ti re ibi àgbà ń rè. Àwọn ọmọ wà l'Ékòó àti Àbújá. Onírin àlòkù sì ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ yìí ni àwọn ará Jámánì ń pè ní Volkswagen, tí àwa sọ ní Ìjàpá. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé: ṣé kí a tà á fún onírin ni, tàbí kí a jí i dìde?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní kí ni ẹni tó ní làákàyè ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Èmi kò sọ pé ó ń mú owó wá. Ó ń náni lówó ni. Bí ẹlòmíràn ti ń sin ẹyẹlé, tí ẹlòmíràn ń dẹ ìgbẹ́ fún ìgbádùn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹyẹlé tí a kò bọ́ yóò fò lọ ní tirẹ̀. Ọkọ̀ tí a kò tọ́jú, ojú kan ni yóò jókòó sí tí yóò máa jẹrà, gbogbo ẹni tó bá sì wọ agbolé ni yóò máa rí i.

Ferdinand Porsche ló ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ ní Jámánì ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, ló mú kí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ní Wolfsburg láàárín àwókù ilé. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2003, iye wọn ti di 21,529,464. Níhìn-ín, 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Ilé-iṣẹ́ kan náà to òmíràn tí wọ́n sọ ní Igala: orúkọ àwọn aládùúgbò wa ní apá Ìdá, orúkọ ẹranko inú igbó wa pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ lè fojú lásán díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Bí fèrèsé ẹ̀yìn bá pín sí méjì, wọn kò ṣe é lẹ́yìn 1953. Bí sítíárì bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ṣeé ṣe kí ó ti wọ ìlú ṣáájú ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, nítorí ọjọ́ náà ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yìn. Iwájú ni ó ń kó ẹrù sí, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Ẹ kò ní rí rédíétọ̀, nítorí kò mu omi rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Fáànù kan wà nínú ilé irin tó fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń fẹ́ ẹ sí ara sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dáínámò, ara ọ̀pá dáínámò yìí náà sì ni fáànù so mọ́. Ẹ fi ọkàn sí i dáadáa. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bí iná pupa dáínámò bá tàn, ènìyàn lè máa bá ìrìn rẹ̀ lọ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rìwáyà. Nínú Ìjàpá, iná pupa yẹn lè túmọ̀ sí pé bẹ́líìtì ti já, pé kò sí atẹ́gùn kankan mọ́, pé ẹ́ńjìnnì ń jóná lọ́wọ́ yín.

Èmi fúnra mi kọ́ ọ ní ọ̀nà Kábà lọ́sàn-án gangan. Iná tàn, mo ní, "Bóyá wáyà ni." Máìlì díẹ̀ péré ni mo tún rìn, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo sì fi wá owó àtúnṣe. Láti ọjọ́ náà, bẹ́líìtì méjì ló ń wà nínú ọkọ̀ mi, pẹ̀lú sípánà tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Nítorí ooru yìí kan náà, ẹ má fojú kékeré wo rọ́bà tó yí ẹ́ńjìnnì ká. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ dànù bí ó bá gbó. Bí kò bá sí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìsàlẹ̀ ni fáànù yóò máa fà padà. Ọ́ìlì pẹ̀lú: lítà méjì ààbọ̀ péré ló ń gbà, asẹ́ irin lásán ló sì ń sẹ́ ẹ, kò ní fílítà bí ti ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà, ní kíákíá ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ọyẹ́ tí eruku bá bo ilẹ̀ wa.

Ọ̀kan lára ohun tó ń pa Ìjàpá ni iná. Okùn rọ́bà tó ń gbé epo bẹntiróòlù wá sókè ẹ́ńjìnnì máa ń gbó, a sì máa sán. Ìkán epo kan lórí irin gbígbóná ti tó. Lọ́dọọdún ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Bátìrì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ìdérí bò ó, kí irin àga má baà kan orí rẹ̀ bí ẹni tó wúwo bá jókòó. Bí iná bá sì ràn mọ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ẹ má da omi sí i! Irin kan tó ń jẹ́ magnesium wà nínú rẹ̀, tó ń jó fòò bí omi bá kàn án. Iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ dà sí i, kí ẹ sì jìnnà.

Àwọn kan rò pé bí àwọn kò bá gun ọkọ̀, kò ní gbó. Àṣìṣe ńlá ni. Epo inú ọkọ̀ tó dúró yóò bàjẹ́ di gọ́ọ̀mù nínú kábúrétọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì yóò fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpẹtà yóò sì mú bíréèkì. Ẹ máa gùn ún lọ sọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sàn fún un ju aṣọ ìbora lọ.

Mo ti gbọ́ ti àwọn tó ń tọ́jú Morris Minor àti Mini. Ọkọ̀ rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yà Ìjàpá ni mo mọ̀ pé ó rọrùn jù láti rí. Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn àti ti afẹ́fẹ́. Mo kan sáárá sí i. Síbẹ̀, èmi fẹ́ràn láti máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà bó ti ń dún tàtàtàtà gun òkè bọ̀.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ bàbá yín wà lábẹ́ máńgòrò, ẹ má ti í so bátìrì mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀, níbi tí ìlẹ̀kùn fẹsẹ̀ lé àti ibi tí bátìrì jókòó sí. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibẹ̀ tán pátápátá, ẹ jẹ́ kí onírin máa gbé e lọ. Bí irin bá ṣì le, ẹ fa epo àtijọ́ dànù, ẹ pààrọ̀ okùn epo, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sípánà mú ìdí bẹ́líìtì, kí ẹ rọra yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ó bá lọ, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà l'Ékòó pé kí wọ́n má ṣe gba owó onírin. Bí kò bá lọ, ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.