Akọrin Tí Ó Kọ Orin Ẹlòmíràn

Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà, "kọ", ni a ń lò fún ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin àti fún ẹni tí ó fi ohùn gbé e jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbà pé ẹni kejì yìí kò sàn ju odídẹrẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ èrò yìí wò.

Ní ọdún 1980, ẹgbẹ́ olórin Talking Heads ní Amẹ́ríkà gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní Remain in Light. Orin mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò fi pa mọ́ pé lára orin Fela Kuti ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń jẹ́ kí ìlù kan náà máa yí po, tí ohùn kan ń dá, tí àwọn yòókù sì ń gbè. Ní ọdún 2018, Angélique Kidjo, ọmọ ìlú Ouidah, kọ orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ náà sínú àwo tirẹ̀, kò sì pa orúkọ àwo náà dà.

Kí ni ó wá fi kún un? Èkíní, Tony Allen, tí ó ti lu ìlù fún Fela rí, bá a lu ìlù níbẹ̀. Odò padà bá orísun rẹ̀. Èkejì, ó fi èdè ilé rẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà, Listening Wind, sọ ìtàn ọkùnrin kan tí inú rẹ̀ ń ru sí àwọn àjèjì tí ó gba ìlú rẹ̀ kan. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, àròsọ ni. Ṣùgbọ́n oṣù July 1960 ni a bí Kidjo, nígbà tí ilẹ̀ Dahomey kò tíì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé; ọjọ́ kìíní oṣù August ọdún náà ni ó gbà á. Lẹ́nu tirẹ̀, ìtàn ilé ni.

Àwọn àgbà ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbèsè méjì ni akọrin bẹ́ẹ̀ jẹ: kí ó dárúkọ ẹni tí ó ni orin, kí ó sì fi ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kún un. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú irú orin bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè méjèèjì: ta ni ó ni ín, kí sì ni ohùn tuntun yìí sọ tí ti ìṣáájú kò lè sọ?