Kí Ẹrù Tó Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Tuntun Tí Ẹbí Yá Gbé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni, ó sì kan púpọ̀ nínú wa. Láàrin àwa tí wọ́n bí sí Sàríà, Kàdúná, Kánò tàbí Jos, ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ẹni tí ó dàgbà sínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ilé tí bàbá ń kọ́, Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìlọrin ni ó ń kọ́ ọ sí, díẹ̀díẹ̀, ọdún dé ọdún. Níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ilé onílé ni òun àti ìyàwó àti ọmọ ń gbé.

Ó ti pẹ́ tí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní ọdún 1911, tí àwọn ènìyàn wa ń bá a wá ṣòwò, tí àwọn mìíràn ń bá a wá ṣe akọ̀wé, ìjọba òyìnbó ya àdúgbò sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò, wọ́n sì ń pè é ní Sabon Gari, èyí tí í ṣe ìlú tuntun ní èdè Háúsá. (Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ní ìlú Yorùbá, Sábó ni àwọn Háúsá ń gbé, ní ìhín, Sabon Gari ni àwa ń gbé.) Irú ilé tí ó pọ̀ níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: yàrá yí àgbàlá ká, kànga kan, ilé ìwẹ̀ kan, ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ.

Bí ìpè bá dé láti ilé pé a óò kó kúrò ní ìparí oṣù, àwa ni wọ́n ń retí. Ohun méjì ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ wa: apá tí yóò gbé kọ́bọ́ọ̀dù, àti ojú tí yóò ka ìwé. Apá nìkan ni púpọ̀ nínú wa máa ń mú lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí yóò jẹ́ kí ẹbí jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé náà, tàbí tí yóò lé wọn jáde níbẹ̀, kí ẹrù tó wọlé ni ó ti ń parí. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì yóò kọjú sí kì í ṣe ìṣòro ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Agẹ́ńtì, ẹni tí àwọn Háúsá ń pè ní dillali, yóò fi ọ̀dà tuntun hàn yín, yóò fi táìlì hàn yín. Ẹ fi í sílẹ̀ nídìí táìlì, kí ẹ lọ sí ìdí kànga. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni ẹ lọ wo ilé, omi yóò wà nítòsí, okùn kúkúrú ni ẹ óò fi fà á. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Òjò a máa dáwọ́ dúró níhìn-ín ní oṣù kẹwàá, kì í sì í padà dáadáa títí di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé, ní oṣù kẹta, ṣé kànga yìí ṣì ń lómi? Kì í ṣe agẹ́ńtì ni ẹ óò bi o. Ìyá tí ó ń fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni kí ẹ bi. Bí ó bá dáhùn pé mai ruwa ni àwọn ń pè láti oṣù kejì lọ, kí ẹ tètè fi owó ọmọlanke omi kún owó ilé nínú ìṣirò yín. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta kì í ṣe owó kékeré.

Kí ẹ tún wo bí ṣáláńgá ṣe jìnnà sí kànga tó. Àwọn onímọ̀ ìlera a máa fẹ́ kí ó tó 30 mítà, ṣùgbọ́n ilé púpọ̀ ni kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ẹ máa fi omi náà fọṣọ, kí ẹ sì se èyí tí ẹ óò mu kí ó hó dáadáa.

Bí ẹ bá lè rí ẹni tí ó ń kó jáde, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ju agẹ́ńtì lọ. Yóò sọ fún yín bóyá òrùlé ń jò, bóyá àgbàrá ń wọ ilé, àti ìdí tí òun fi ń lọ.

Kí á wá sí ọ̀rọ̀ owó àti ìwé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn òbí wa ti nílò wa. Owó tí agẹ́ńtì kọ́kọ́ dá kì í ṣe gbogbo owó. Ó wọ́pọ̀ kí ó gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé fún ara rẹ̀, kí lọ́yà tí ó kọ ìwé gba ìdá mẹ́wàá mìíràn, kí onílé tún gba owó kan sọ́wọ́ tí yóò dá padà bí ẹ kò bá ba ilé jẹ́. Bí ilé bá jẹ́ 300,000 náírà lọ́dún, 360,000 ti lọ kí ẹ tó kan owó ìdásọ́wọ́ náà àti owó ọkọ̀ ẹrù. Ní ti owó ìdásọ́wọ́ yìí, lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí yàrá tó kún, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ibi tí ògiri ti sán, gíláàsì tí ó ti fọ́ àti ilẹ̀kùn tí kò dé, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde, ẹnikẹ́ni kò ní í sọ pé ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ.

Rísíìtì ńkọ́? Àwọn bàbá wa a máa tijú láti bèèrè. Ẹbí kan tí a mọ̀ dáadáa san owó ọdún méjì pọ̀ fún bàbá onílé wọn láìgba ìwé kankan, nítorí pé mọ́sálásí kan náà ni wọ́n jọ ń kírun. Kò pé oṣù mẹ́rin, bàbá onílé kú. Nígbà tí wọ́n pín ogún, ilé náà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kan tí ó ń gbé ìlú mìíràn. Ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó kàn ní òun kò rí àkọsílẹ̀ owó kankan ni, kò sì sí èyí tí wọ́n lè fi hàn án. Wọ́n tún owó san. Ọmọbìnrin wọn tí ó yẹ kí ó wọlé ìwé lọ́dún náà jókòó sílé ọdún kan gbáko. Nítorí náà, kí rísíìtì sọ orúkọ ẹni tí ó ni ilé, orúkọ ẹni tí ó gba owó, iye owó, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó parí. Bí ó bá jẹ́ àbúrò onílé tàbí olùtọ́jú ilé ni ó ń gbowó, ẹ ní kí ó fi ìwé tí onílé fi rán an hàn yín. Kì í ṣe àrífín. Bí bàbá bá ń tijú, kí ọmọ bá a béèrè. Wọn óò ní ọmọ yunifásítì ni, ìyẹn náà á sì tán síbẹ̀.

Ìlà kan wà nínú ìwé àdéhùn tí a fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà náà ni èyí tí ó sọ iye àkókò tí onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé kí ó tó ní kí ó kó jáde, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní kúìtì. Lábẹ́ òfin ilé gbígbà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, bí ìwé kò bá sọ ohun mìíràn, ẹni tí ó ń san owó lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí oṣù kan, ẹni tí ó ń san ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́ta, ẹni tí ó ń san lọ́dọọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò tẹ̀ lé e, tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ni ó sì lè lé ènìyàn jáde. Onílé tí ó bá ṣí páànù orí ilé, tàbí tí ó yọ ilẹ̀kùn, tàbí tí ó da ẹrù síta fúnra rẹ̀, ó ti ṣe ohun tí kò bófin mu.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ewu wà. Òfin yẹn ní "bí ìwé kò bá sọ ohun mìíràn." Ìwé sì lè sọ ohun mìíràn. Bí bàbá yín bá fọwọ́ sí ìwé tí ó ní oṣù kan ni ti kúìtì, oṣù kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan ni ó san. Èyí tí ó tún le jù ni pé, bí ìwé bá ní ọdún kan péré ni àdéhùn, tí ọdún náà parí láìṣe àdéhùn tuntun, onílé kò jẹ yín ní oṣù mẹ́fà mọ́. Ìwé ọlọ́jọ́ méje nìkan ni ó kù. Ẹbí mélòó ni ó mọ èyí kí wọ́n tó kó sínú ilé? Bí ìlà náà kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, ta ni yóò tún ìwé kọ?

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan a máa ní onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òtítọ́ ni, òfin wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ni. Ní Èkó pàápàá kò kan Ìkòyí àti àwọn àdúgbò bíi rẹ̀. Ẹ má gbé e wá bá onílé Sàríà jà.

Ọ̀rọ̀ iná kò gùn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni ìjọba ti fa pípín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ni ẹnu wa ṣì ń pè é. Gbèsè iná a máa dúró sí orúkọ ilé. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ lè ti kó lọ sí ibòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n fi bíìlì tí ó dé kẹ́yìn hàn yín. Bí ó bá jẹ́ mítà tí a ń ra káàdì sí, ẹ ra ti owó díẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé. Bí wọ́n bá gé nínú rẹ̀ fún gbèsè àtijọ́, ẹ ti mọ iye tí ẹ óò bá onílé sọ.

Ní ti àwọn ará ilé, àwa tí a dàgbà níhìn-ín mọ̀ pé ọkùnrin kì í ṣàdédé wọ àgbàlá ilé tí àwọn ìyàwó Mùsùlùmí wà. Ẹnu zaure ni à á dúró sí, kí á kí wọn ní salama, kí á gbọ́ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkẹ́rù, àwọn ọ̀rẹ́ tí a kó wá láti ilé ẹ̀kọ́ kò mọ èyí, wọn a sì máa ṣe wọlé-wọ̀de. Ẹ kọ́kọ́ rán ọmọdé tàbí obìnrin wọlé kí ó sọ fún wọn pé ẹrù ń bọ̀. A ti rí ilé tí ìjà oṣù mẹ́fà ti ara bẹ́ẹ̀dì kan bẹ̀rẹ̀. Kí bàbá sì lọ kí mai unguwa láàrin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó sì jẹ́ kí àwọn Yorùbá àdúgbò mọ̀ pé òun ti dé. Bí wàhálà bá bẹ́ sílẹ̀ lóru, àwọn wọ̀nyí ni yóò mọ̀ pé ẹnìkan wà nínú yàrá yẹn.

Àwọn kan a máa kọ́kọ́ gbé omi wọlé, àwọn mìíràn Bíbélì tàbí Kùránì. Èyí tí ó bá wù yín ni kí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí ẹ kò mọ iye ènìyàn tí ó ní ti àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni ẹ kó wọlé, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé ìkòkò èédú wọ yàrá kí wọ́n sì ti fèrèsé nítorí òtútù. Èéfín tí kò rùn, tí ojú kò rí, wà lára èédú tí ń jó, ọ̀kan náà ni ó sì ń jáde lára jẹnẹrétọ̀. Ẹbí a sùn, wọn kì í jí. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé inú kọ́rídọ̀ tàbí ẹ̀bá fèrèsé, olè ì báà wà ládùúgbò.

Ó ku àwọn ọmọ kéékèèké àti ìyá àgbà. Ẹ gba ìwé ìkúrò àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kí ẹ tó kó, nítorí wàhálà ni láti padà wá gbà á. Ìyá àgbà kò ní í sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ni ilé tuntun máa ń nira fún jù. Ó ti fi gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kò mọ ọ̀nà ọjà, kò mọ ẹni tí yóò bá sọ Yorùbá. Kí ẹni tí ó bá wálé láti ilé ẹ̀kọ́ mú un rìn lọ sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ó tó padà sí ọgbà.

Bí ẹbí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń múra àtikó, kí ó mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin wà láàrin wa, wọn yóò bá a kà á.