Kásẹ́ẹ̀tì Ò Tíì Kú Lọ́wọ́ Mi

Àwọn ọmọ mi ní pàǹtírí ni mò ń kó jọ. Kásẹ́ẹ̀tì fújì ni wọ́n ń bá wí: Barrister, Kollington, Wàsíù Àyìndé nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì jẹ́ t'ọ̀dọ́. Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde lọ́dún 1963. Walkman tí Sony ṣe lọ́dún 1979 ló jẹ́ kéèyàn máa gbé e rìn kiri.

Ẹ tú ọ̀kan wò. Téèpù inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó mílímítà 4, èérún irin tó dógùn-ún ni wọ́n sábà fi ń kùn ún. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì ló tẹ orin mọ́ ọn lára, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ńlá. Bí téèpù bá tú síta, bírò onígun mẹ́fà ni mo máa ń kì bọ ojú ihò rẹ̀. Eyín mẹ́fà tó wà níbẹ̀ á gbá a mú, n óò wá máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Ohùn fóònù mọ́ jù ú lọ, mi ò jiyàn. Àmọ́ ìṣẹ́jú 30 ni ojú kan kásẹ́ẹ̀tì C60, kò sì rọrùn láti fo oríkì ẹnikẹ́ni kọjá níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ti olówó, ẹ ó gbọ́ ti olóyè, kẹ́ ẹ tó yí i sí ojú kejì.